Ìgbà Tí Etu Ti Àká Mọ́ Ọba

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Etu, olùṣọ́ àká irúgbìn.

Ní ayé àtijọ́, àká mẹ́ta ni ìlú àwọn ẹranko ní. Irúgbìn gbogbo ìlú wà níbẹ̀. Etu ló ń ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba irúgbìn gbọ́dọ̀ mú àrokò Erin, ọba wọn, wá: owó ẹyọ méjì tó kọjú síra àti ìyẹ́ odídẹrẹ́ pupa kan, tí a fi òwú so pọ̀. Àrokò ni wọ́n ń wò. Wọn kì í bi ẹni tó mú un wá léèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Òkété mú àrokò wá. Etu ṣí àká kìíní. Òkété kó o tán. Lọ́jọ́ kejì, Òkété tún dé. Etu ṣí àká kejì. Ó kó o tán. Lọ́jọ́ kẹta, Òkété tún dé. Etu ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ igbá tán, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Bó ti gba àrokò, omi pupa ń ṣàn sí i lọ́wọ́. Osùn ni! Ìyẹ́ ẹyẹlé funfun ni wọ́n fi osùn kùn. Kí Etu tó gbójú sókè, Òkété ti wọgbó.

Àká kan ṣoṣo ló kù, òjò sì ti ṣú. Ó sáré tọ àwọn àgbà lọ. Ẹkùn ní kí wọ́n dúró dìgbà tí ọba bá ti oko dé. Ìkookò rẹ́rìn-ín.

“Etu ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, sọ pé kòkòrò ló jẹ irúgbìn. Ta ló máa bi kòkòrò léèrè?”

Ṣùgbọ́n Etu mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé Ẹlẹ́dàá tó ń rọ òjò ń wo òun. Ó sáré padà, ó fi igi dábùú ilẹ̀kùn, ó dúró níwájú rẹ̀, ó gbórin:

Èmi ni mo ṣí i fólè,
Tìnrín tìn.
Èmi ni mo tì í lónìí,
Tìnrín tìn.
Àrokò kan ò wọlé mọ́,
Tìnrín tìn.
Bó ṣe tọba gan-an,
Tìnrín tìn.

Ìlú ya dé gìrìgìrì. Etu sọ èyí tó mọ̀: àká méjì ti ṣófo. Ó sọ èyí tí kò mọ̀: bóyá Òkété nìkan ló wà nídìí olè náà. Ó ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn àfi bí Erin fúnra rẹ̀ bá pààrọ̀ àrokò. Àwọn àgbẹ̀ ní òjò ti dé tán. Wọ́n bú u. Wọ́n tì í. Wọ́n sọ ẹrẹ̀ lù ú. Etu ò yẹsẹ̀. Àgbọ̀nrín, ìránṣẹ́ ọba, mú ojúlówó àrokò dé. Etu dá a padà.

Ni Erin fúnra rẹ̀ bá tẹ̀lé Àgbọ̀nrín dé. Ilẹ̀ ń mì.

“Etu, èmi lo tilẹ̀kùn mọ́?”

Etu kúnlẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Bí mo bá ṣì í ṣe, orí mi rèé. Ẹ má fìyà jẹ ẹlòmíràn.”

Erin wo àká tó ṣófo. Ó wo ẹrẹ̀ lára Etu. Ó gba àrokò lọ́wọ́ Àgbọ̀nrín, ó já òwú rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, ó sì sọ àmì tuntun sí Etu létí. Etu dìde, ó yọ igi. Wọ́n pín irúgbìn kí òjò tó kán. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kárí. Òkété ò sì lè yọjú lọ́sàn-án mọ́ títí dòní.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí a fi ṣọ́ ilẹ̀kùn ìlú gbọ́dọ̀ lè pinnu nígbà tí ìdààmú dé, kó sì lè sọ ọ́ ní gbangba pé, “Èmi ni.” Àṣìṣe tá a bá jẹ́wọ́ ní àánú níwájú.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí rèé o, ó di ọ̀dọ̀ yín.