Báàgì Orí Itan Métírọ́nì

Mojírọ́lá jẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀; ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti dín ni wọ́n ń rán an lọ. Bí ìgò oògùn apàrora ṣe di àwátì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ta ni wọn ì bá tún fura sí? Métírọ́nì jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó ní: "Ìwọ àlejò yìí, wá a jáde kí dókítà tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀." Mojírọ́lá wo ojú Métírọ́nì àti àwọn nọ́ọ̀sì tó dúró yí i ká. "Ẹ má bínú, mà. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ìgò yẹn ń jò, wọ́n sì ń bó èèyàn lára bí ásíìdì." Métírọ́nì rọra gbé báàgì kúrò lórí itan. Mojírọ́lá kúnlẹ̀: "Ẹ jẹ́ n bá yín tú u, mà, kó má baà bó yín lọ́wọ́."