Pósítà Tó Yíkàá fún Olóyè

Onílé kì í ṣe ẹni à á bá jà. Olóyè Fágbàyí, tó ni ṣọ́ọ̀bù tí Ìbídùn ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé, kó oyè mẹ́tàlélógún wá fún pósítà rẹ̀: "Fọ́tò mi ò gbọdọ̀ kéré, lẹ́tà ò gbọdọ̀ wẹ́, oyè kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí gbogbo ẹ̀ kò bá wọ ojú ewé kan, kó ẹrù ẹ jáde!" Ìbídùn gbé fọ́tò sáàárín, ó fa àpótí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó kó àwọn oyè náà sí yí i ká, ó pa ìlà etí wọn rẹ́, ó sì dá ọ̀rọ̀ tọ̀tún àti tòsì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí àyè lè gbà á. Olóyè yí ìwé sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kó tó kà á tán. "Èwo ni ti yíyí kiri yìí?" Ìbídùn kúnlẹ̀: "Bàbá, ta ló ń dúró ṣánṣán kí yín? Ìwé náà ń yíkàá fún yín ni." Olóyè bú sẹ́rìn-ín: "Tẹ igba sí i!"