Ewé Ògbó àti Ọ̀mùnú

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olùkọ́ nípa ewéko. Àwọn ará abúlé kan ránṣẹ́ pè é nítorí igbó tó wà létí odò wọn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ amóníà, èyí tó máa ń ta ni nímú bí ilé adìyẹ tí a kò gbá, ń jáde nínú igbó náà. Wọ́n ti pọ́n àdá sílẹ̀ láti gé igbó náà.

Ọkùnrin náà fi ọ̀rá bo ewé kan tó ti gbó nísàlẹ̀ igi kékeré kan lẹ́yìn abúlé, irú èyí tó wà nínú igbó náà, ó sì fi bébà tí wọ́n fi ń dán amóníà wò sínú rẹ̀. Kò pẹ́, bébà náà yí àwọ̀ padà.

Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ewé yìí ń tú u jáde."

Àwọn ará abúlé ò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n gbé àdá, ó di etí odò.

Ìyàwó ọkùnrin náà, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́, kò dìde níbi tó lóṣòó sí. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ewé kan ṣoṣo lẹ bò. Igi ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì wá ọ̀rá ńlá, wọ́n bo igi náà látòkè délẹ̀, wọ́n sì há bébà tuntun mọ́ ọn lókè. Ọkùnrin náà ń wo bébà. Bébà kò yí padà rárá!

Ó ní, "Níbo ni amóníà náà wá gbà lọ?"

Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí àwọn ọ̀mùnú tó wà lórí igi. "Àwọn wọ̀nyí ló ń fà á mu! Ohun tí ewé ògbó ń tú dà, òun ni ewé tuntun ń jẹ dàgbà!"

Ọkùnrin náà fò sókè. Ó sáré, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, kò wẹ̀yìn. "Ẹ dúró o! Ẹ má gé e!"

Wọ́n ti gé díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyókù yè. Nígbà tí wọ́n wá ibi tí òórùn náà ti ń jáde dáadáa, ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹnìkan ń kó dà sẹ́yìn igbó ni wọ́n bá. Igbó tí wọ́n fẹ́ gé ló tilẹ̀ ti ń bá wọn fa díẹ̀ mu nínú òórùn náà.

Akínlàjà, ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún. O ní kí n bá ọ wá ibòmíràn tí ìyá rẹ yóò máa gbé, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo ti gbọ́. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ rẹ wà nílé, etí wọn ṣì rọ̀. Dìde, máa lọ sílé. Pe gbogbo wọn, kí ẹ jókòó tì í, kó tó dákẹ́.