Bí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété Ṣe Di Àpò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó ré kọjá ilé ọlọ́rọ̀, ó ré kọjá ilé aláìní, inú ihò Òkété ló lọ kó sí.

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí kò bá tíì jẹun alẹ́ kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìgbà kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Koríko gbẹ, odò fà, ìyàn mú láàárín àwọn ẹranko. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà ìjà ni wọ́n ń jà ṣáá. Ọ̀bọ bá Erin jà lórí èso kan ṣoṣo. Èso kan, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ni Erin fẹ́ fi èso kan ṣe?

Erin tó jẹ́ àgbà wọn wá pe ìpàdé. Òkété ló kọ́kọ́ dìde. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó máa ń rọra sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá Erin, ẹ jẹ́ ká máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Kí oníkálùkù kó ẹ̀wà àti àgbàdo tó kù nílé rẹ̀ wá, ká dà á pọ̀, kí ẹnì kan máa sè é, ká máa jẹ ẹ́ pa pọ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀."

Ọ̀bọ ní, "Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Èmi tí mo máa ń jẹun kí n tó fọnu?"

Òkété ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mójú tó ebi."

Ìmọ̀ràn náà dára, àbí kò dára? Inú tó ti wá ni kò mọ́. Òkété rò ó pé bí oúnjẹ gbogbo bá wà lójú kan, olè ò ní máa rìn kiri mọ́.

Wọ́n gbà. Ẹtu, abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ni wọ́n fi ṣe alásè. Á se àdàlú, á dà á sínú ọpọ́n ńlá, gbogbo wọn á yí i ká. Èyí tó bá kù ní ìsàlẹ̀ ọpọ́n ni Ẹtu ń jẹ, bí alásè ṣe máa ń ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú wọn rí nǹkan. Orí ń fọ́ Erin. Ọ̀bọ ń kanra mọ́ ewé lásán. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń wo oòrùn pé, "Ṣé kò tíì wọ̀ ni?" Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára. Erin ní ara òun fúyẹ́. Ọ̀bọ ní òun ò mọ̀ pé àdàlú ń dùn tó báyìí. Ìjà sì tán. Èmi tí mò ń pa á fún yín yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mò ń jẹ lóòjọ́ láti ìgbà tí mo ti dàgbà, ẹ bi ìyàwó ọmọ mi. Mò ń sùn dáadáa, mo sì ń dúpẹ́.

Kí wá ni Òkété ń ṣe? Bó bá bu àdàlú sẹ́nu, kò ní gbé e mì. Á tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, á yọ́ dìde, á sáré dé ihò rẹ̀, á tú u sílẹ̀, á tún padà wá. Òun ló ń jẹ láàárọ̀, òun ló ń jẹ lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn yòókù ń gbààwẹ̀. Bó bá dìrọ̀lẹ́, á tún di ikùn mú pé, "Ebi òní yìí pọ̀ o, Bàbá Erin."

Ọpọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tán kó tó kan Ẹtu. Ìka ló fi ń nu ọpọ́n lá. Ọmú rẹ̀ gbẹ. Ọmọ rẹ̀ á fa ọmú títí, kò ní rí nǹkan kan, kò tilẹ̀ lágbára láti sunkún mọ́. Ibẹ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹtu ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó rò pé òun ni òun ò mọ oúnjẹ wọ̀n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Erin ní, "Ẹ̀yin ará, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má kúrò nídìí ọpọ́n láìkọrin ọpẹ́ fún alásè."

Ègbè tiyín ni "Ẹtu, a dúpẹ́ o." Ẹ gbè é kó dún.

Lílé: Mo jẹ lẹ́ẹ̀kan, mo yó.
Ègbè: Ẹtu, a dúpẹ́ o.
Lílé: Orí tó ń fọ́ mi ti lọ.
Ègbè: Ẹtu, a dúpẹ́ o.
Lílé: Mo sùn, mo jí, ara yá.
Ègbè: Ẹtu, a dúpẹ́ o.

Erin lé e, Ọ̀bọ lé e, ó kan Òkété. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú.

Erin ní, "Òkété, ìwọ lo mú ìmọ̀ràn yìí wá. Tìrẹ ló wù wá láti gbọ́ jù."

Òkété ní, "Mmm."

Ọ̀bọ ní, "Ṣé eyín ń dùn ọ́ ni, àbúrò?"

"Mm-mm."

Ẹtu ní, "Àbí oúnjẹ há a lọ́fun? Ẹ bá mi gbá a lẹ́yìn."

Ọ̀bọ gbá a lẹ́yìn, gbà! Ẹ̀wà fọ́n, àgbàdo fọ́n, ó ń dà wọ̀ọ̀ sílẹ̀. Ẹtu wo ilẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Erin ní kí Ọ̀bọ tún iná dá, kó se òmíràn, kí Ẹtu nìkan jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Àwọn kan ní kí wọ́n lé Òkété kúrò nínú igbó.

Ẹtu ní, "Ẹ má lé e. Ẹ̀tàn ló fi gbà wá nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn náà ló sì dá ẹ̀mí wa sí. Ẹ jẹ́ kóun náà gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

Wọ́n dí ihò rẹ̀ pa, Erin sì mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí inú rẹ̀ fi ń kùn. Nígbà tí oòrùn wọ̀ tí ọpọ́n dé, tí Ẹtu ti bu tirẹ̀ sílẹ̀, Òkété bù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Ìyá Ẹtu, ṣé bó ṣe ń dùn látọjọ́ yìí nìyí?"

Ẹtu ní, "Bó ṣe ń dùn nìyẹn. Ìwọ ni kì í jẹ́ kí ebi pa ọ́ dé ìdí ẹ̀."

Òkété tẹrí ba, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kọrin kó tó lé orin ọpẹ́ náà. Inú Ẹtu dùn, ó fọmú sọ́mọ lẹ́nu, ọmú sì ń ṣe wàrà.

Òkété ronú pìwà dà, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti fẹ̀ kò sún kì mọ́. Ìdí rèé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi dà bí àpò títí dòní, tí alásè sì fi máa ń bu tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó pe àwọn yòókù.

Àlọ́ mi ti délé, ó ti fẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí àkùkọ ẹ̀yìnkùlé mi má kọ lọ́la.