Àkókó Wọn Apá Ìyá Òkété

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́, ẹ panu mọ́. Àlọ́ mi já pòó, ó já sínú agbada gàrí Ìyá Òkété.

Ìyá darúgbó, kò bímọ. Gàrí ló ń tà jẹun, ṣùgbọ́n páànù tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ ti ya ọwọ́ rẹ̀ yánnayànna.

Ehoro aláròká ní: “Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá, ọmú ta lẹ fẹ́ mu?”

Àánú ṣe Àkókó gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó kan ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i sókè bí ẹni pé ẹyẹ ni Ìyá. Ìyá nà títí, kò tó o. Ìkejì wúwo bí orí ọ̀lẹ láàárọ̀. Nígbà kẹta, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà sọ̀kalẹ̀ látorí igi, ó di Ìyá lọ́wọ́ mú, ó fi òwú wọn apá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ó ti pẹ́ tẹ́nìkan ti di ọwọ́ yìí mú,” ni Ìyá wí. Àkókó kan ẹ̀rọ kẹta, èyí bá apá Ìyá mu wẹ́kú.

Yí i, Ìyá, yí i o—
*Ẹ̀gẹ́ á kúnná!*
Ọwọ́ rẹ á sinmi o—
*Ẹ̀gẹ́ á kúnná!*

Ehoro gbé igbá dé. “Ìyá, ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí fún yín?”

Ìyá gbójú sókè wo orí igi. “Ọmọ mi ni. Ọmú rẹ̀ ni mò ń mu yìí.”

Bí mo bá parọ́, kí gàrí alẹ́ yìí há mi lọ́fun.