Ìdí Tí Bóòtù Líle Fi Kọlà Sórí

Nígbà kan rí, kí mọ́tò tó pọ̀ nígboro báyìí, kò sí bóòtù kankan, irin tí wọ́n fi ń de ara ọkọ̀ pọ̀, tó ní àmì lórí. Orí gbogbo wọn dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Bóòtù Líle àti Bóòtù Rírọ̀ jọ ń gbé inú agolo kan náà lọ́dọ̀ Ọ̀jẹ́labí, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi ọdán.

Iṣẹ́ wọn ò jọra. Líle ló ń di irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Rírọ̀ ló ń di pátákó nọ́ńbà mú, èyí ò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá.

"Ta ló ń wo ẹni tó di pátákó mú?" ló máa ń ráhùn.

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n má wò ọ́ ni?" Líle á dáhùn. "Jọ̀ọ́, jẹ́ n sinmi."

Lọ́jọ́ kan, Rájì awakọ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Bóòtù tó di irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ti gbó.

"Líle dà?" Ọ̀jẹ́labí bèèrè.

Kíá, Rírọ̀ ti gun orí agolo. "Èmi rèé!"

Ọ̀jẹ́labí dì í. Rájì ò tíì rìn jìnnà tí Rírọ̀ fi tẹ̀ kọ́dọrọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé bí ẹ ṣe ń tún un ṣe nìyí?" Rájì padà wá jágbe.

Ọ̀jẹ́labí fi òòlù na Rírọ̀ tọ́, ó sọ ọ́ padà sínú agolo, ó tún nawọ́ mú òmíràn. Rírọ̀ náà ló tún fò sí i lọ́wọ́!

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá Rájì wà níwájú ọkọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, Rírọ̀ tẹ̀, ọkọ̀ ya wọ oko iṣu, ìyá àgbà sì fi apá ṣẹ́.

Nígbà tí Ọ̀jẹ́labí rí apá tí wọ́n dì, ó da agolo dà sílẹ̀.

"Ó sú mi! Ta ni Líle nínú yín?"

"Èmi ni!" Àwọn méjèèjì pariwo.

"Ó dáa. Ilà ni mo máa kọ fún Líle."

Ó gbé irin mímú lé Rírọ̀ lórí, ó fi òòlù kàn án díẹ̀.

"Yéè! Ó tó!" Rírọ̀ ké. "Pátákó ni mo fẹ́! Pátákó dára!"

Ó kan Líle. Líle dijú, ó fara dà á títí ilà fi jinlẹ̀. Inú bí i gan-an.

"Èmi tí mi ò ṣẹ̀ lẹ kọ nílà?"

"Má bínú," Ọ̀jẹ́labí wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ."

Apá ìyá Rájì jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́.

Bí ilà ṣe dé orí bóòtù líle nìyẹn, tí orí bóòtù rírọ̀ sì wà lóbòrọ́ títí dòní. Bí ẹ bá rí mẹkáníìkì tó ń yí orí bóòtù wò kó tó dì í, ẹ má kán an lójú.