Oórì Abẹ́ Gbọ̀ngán Ìtẹ́lọ́rùn

Ọ̀túnba Akínlabí ló kọ́ àdúgbò ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní Ìtẹ́lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó lè ta kò ó níbẹ̀. Ó pe Móradékẹ́, ayálégbé rẹ̀ tó ń kọ nípa àdúgbò náà sínú ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, ó ní: “Pa ibi tí o ti kọ ọ́ pé abúlé kan wà níbí rẹ́ kílẹ̀ tó ṣú, àbí kí o kẹ́rù ẹ jáde nílé mi. Igbó lásán ni mo bá.” Móradékẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi ni mo kọ, mi ò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á rẹ́, ẹlòmíràn á dá a padà. Ohun tí ìwé ìròyìn bá gbé jáde ni wọ́n ń gbà wọlé níbẹ̀. Ẹ bá oníròyìn sọ̀rọ̀, màá kọ ọ́ bí ẹ bá ṣe sọ ọ́. Àwọn èèyàn tún ń sọ pé ẹ hú òkú nígbà tí ẹ ń kọ́lé níbí. Ẹ fèsì sí ìyẹn náà.” Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀túnba fọ́nnu fún oníròyìn: “Irọ́ ni, mi ò hú òkú kankan. Bí mo ṣe bá oórì wọn ni mo da kọnkéré lé e, tí mo kọ́ gbọ̀ngán.” Móradékẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi ìwé ìròyìn tì í lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó kà á ló mọ̀ pé ilé ni à ń sin àgbà sí, kì í ṣe igbó. Ọ̀túnba lé e jáde nílé, ṣùgbọ́n kò lè lé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jáde. Móradékẹ́ ka ojú ìwé náà sétí ìyá rẹ̀. Ìyá bèèrè pé: “Apá ibo nínú gbọ̀ngán yẹn ni bàbá ẹ wà?”